Ta Ló Bi Ìyàwó Wa Léèrè?

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹnu mi mú. Àkànbí ọkọ mi, tó ń wa takisí láàárín Ìlá àti Òṣogbo, máa ń sọ pé bí òun bá gbé ẹnu mi sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, a ò ní ra abẹ́rẹ́ mọ́. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú náà ló ń rí òótọ́ sọ, òótọ́ ni mo sì fẹ́ sọ nípa Màmá Tísà, ìyálé wa, àti ọjọ́ tí ọmọ wọn obìnrin gbé ọkọ̀ wá láti Èkó pé òun fẹ́ mú wọn lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, èmi àti Màmá Tísà ò jọ fẹ́ ọkọ kan. Agbo ilé kan náà ni wọ́n gbé wa wá, agbo ilé Oyèlẹ́yẹ, nílùú Ìlá. Gbogbo obìnrin tí wọ́n bá gbé wọ agbo ilé náà, ìyàwó ilé ni. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ jù ni ìyálé gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, gbogbo irun orí Màmá Tísà ti funfun, èmi ò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ro ọkà kó má ṣe kókó.

Òfin kan wà nílé wa, ó sì wà ní gbogbo ilé tó bá ṣì mọ ara rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ọmọ yòówù kó jẹ́, kó ṣì máa rìn níhòòhò, kí ikun máa ṣàn nímú rẹ̀, bó bá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ọkọ ìyàwó náà ni. Ìyàwó á fún un ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ á máa pè é, á sì máa kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀.

Màmá Tísà ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó gbé wọn wá láti Ìgbájọ. Ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ọjà ni wọ́n fi wọ́n sí, ìdajì àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì wọn ló sì jẹ́ ọmọ ilé ọkọ wọn. Ẹ wá rò ó wò. Tísà gbọ́dọ̀ pe orúkọ láàárọ̀. Ìyàwó ò gbọdọ̀ pe orúkọ. Ohun tí Màmá Tísà ṣe nìyí: bó bá jẹ́ ọmọ ilé ẹlòmíràn, wọ́n á pe orúkọ tó wà nínú ìwé. Bó bá kan ọmọ ilé Oyèlẹ́yẹ, wọ́n á ní, "Akọ́wé," ẹnì kan á dáhùn. Wọ́n á ní, "Adúmáadán," ẹnì kan á dáhùn. Wọ́n á ní, "Ajíṣafẹ́." Wọ́n ní òyìnbó kan wá bẹ kíláàsì náà wò lọ́jọ́ kan, ó wá Ajíṣafẹ́ nínú ìwé títí, kò rí i, bẹ́ẹ̀ Ajíṣafẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ tó ń họra.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ẹgba. Bí ọmọ ilé bá ṣẹ̀ ní kíláàsì, Màmá Tísà ò ní ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ọkọ wọn ṣáà ni. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ orúnkún, wọ́n á ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ọwọ́ yín." Ọwọ́ á nà. Ẹgba á balẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Àbúrò ọkọ wọn kan wà nínú àwọn tó jẹ ẹgba náà. Akọ́wé ni Màmá Tísà ń pè wọ́n nígbà náà. Lónìí, àwọn ni Baálé ilé wa, wọ́n sì ṣì máa ń sọ pé nínú gbogbo ìyà tí àwọn jẹ láyé, èyí tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ fún àwọn ló dun àwọn jù.

Ọkọ Màmá Tísà ò pẹ́ láyé. Àwọn àgbà ní kí wọ́n padà sí Ìgbájọ bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọdé ṣì ni wọ́n. Wọ́n ní rárá. Wọ́n jókòó sílé wa, wọ́n ń kọ́ ọmọ, wọ́n ń tọ́ ọmọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, àmọ́ èmi ò mọ iye ọmọ ẹlòmíràn tó sùn ní yàrá wọn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ò lówó ilé ìwé, ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Wọ́n di ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn ò sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti jẹun tán, wọ́n á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, wọ́n á máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Ojú wọn ti di bàìbàì nígbà tí mò ń sọ yìí, àmọ́ kí ọmọ kan ṣi ìṣirò ṣe, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn àti tèmi kọjú síra. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ mi wà. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí nílé yìí ò gbé ju ìkómọ lọ. Àwọn ará ilé kí mi, wọ́n lọ, ayé ń yí. Màmá Tísà gbé ẹní wọn wá sí yàrá mi, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn ń sùn tì mí títí ẹ̀rín fi padà sẹ́nu mi. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ mi tí mo ń fi ìbínú sọ̀rọ̀ níwájú, ẹ mọ ibi tó ti ń wá. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mú wọn lọ.

Ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ ni. Epo bẹntiróòlù di góòlù. Takisí Àkànbí wà lábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ ti ń sùn lórí rẹ̀. Òjò sì ń rọ̀ ṣáá. Ní ọjọ́ kan, Màmá Tísà ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí ẹrẹ̀, wọ́n fi ìbàdí lélẹ̀. Egungun ò kán, Ọlọ́run ló yọ wá. Àmọ́ láti ìgbà náà ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọn ò sì lè pọnmi fúnra wọn. Àwa ìyàwó ilé ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé ẹlòmíràn rù láti ọjọ́ pípẹ́, bí wọ́n bá gbé e, ara á máa ni ín.

Ẹnì kan ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Èkó. Ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ Màmá Tísà dé, àwọn àti awakọ̀ wọn. Ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti lọ sí òkè òkun. Ọmọ ilé làwọn náà, wọ́n sì ti wà kí n tó wọlé, nítorí náà Sístà Èkó ni mò ń pè wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì epo wà nínú búùtù wọn, òórùn rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ mi. Ìwọ̀nba tó máa gbé wọn padà ni, wọ́n ní àwọn ò lè sùn mọ́jú.

Ibẹ̀ ni Sístà ti ṣe àṣìṣe. Wọn ò yà lọ́dọ̀ Baálé. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n wọ yàrá ìyá wọn tààrà, kò pẹ́ tí mo fi rí i tí awakọ̀ ń gbé àpótí aṣọ jáde. Lójú Sístà, ìyá àwọn ni àwọn wá mú. Wọ́n ti pẹ́ l'Ékòó, wọ́n ti gbàgbé pé ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá yẹn, ìyàwó ẹlòmíràn ni. Ìyàwó gbogbo ilé ni. A kì í gbé ìyàwó onílé jáde bí ẹni gbé àga.

Mo fi aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo wọlé. Màmá Tísà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ̀pá. Sístà ń ká ìró wọn.

Mo ní, "Ìyálé, ṣé ẹ fẹ́ lọ ni?"

Wọ́n ní, "Wàsílátù, lọ rán aṣọ rẹ."

Mo mọ ohùn yẹn. Bí Màmá Tísà bá ní ohun kan ń dùn mọ́ àwọn, wọ́n á sọ ọ́. Bí kò bá dùn mọ́ wọn, wọ́n á ní kí o lọ ṣiṣẹ́ rẹ. Mo bá jáde, mi ò lọ sídìí ẹ̀rọ kankan, ọ̀dọ̀ Baálé ni mo gbà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Baálé. Ṣé ẹ gbọ́ pé ìyàwó yín ń kó lọ?"

Baálé fi àkàrà ẹnu wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó wo?"

Kíá ni wọ́n ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé fi kún pálọ̀ Baálé, wọ́n jókòó sórí àga. Àwa ìyàwó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ọmọ ilé ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ilé, ìyàwó á máa gbọ́. Nítorí ìbàdí Màmá Tísà, Baálé ní kí wọ́n wá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé àpótí ìjókòó kékeré wá, ọ̀dọ̀ wa níbi ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e sí. Bí àṣà bá ní kí Màmá Tísà jókòó sílẹ̀, ìwọ tó o bá ní kí wọ́n dìde ló máa rẹ̀.

Sístà Èkó kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ìbẹ̀rù epo ló jẹ́ kí àwọn kánjú, àwọn ò rí ilé fín. Wọ́n sọ bí ilé àwọn l'Ékòó ṣe rí: ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, omi ń yọ nínú ilé, ilé ìwòsàn ò jìnnà. Wọ́n ní àwọn ò ní í gbọ́ lọ́jọ́ kan pé màmá àwọn tún ṣubú, kí àwọn tó dé kó ti bọ́ sórí.

Baálé mirí. Wọ́n ní, "Òótọ́ lọmọ sọ. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Kí la tún fẹ́?"

Àwọn tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ní Èkó dára. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa mú wọn wá sílé lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gba orí Màmá Tísà kọjá, kò sí ẹni tó wo ibi tí wọ́n jókòó sí. Inú ń bí mi. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọkọ mi, bí wọ́n bá lè…"

Baálé ní, "Wàsílátù, ta ló fún ọ láyè?"

Mo pa ẹnu mi dé. Màmá Tísà na ọwọ́, wọ́n tẹ orúnkún mi rọra, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ń sáré dáhùn ní kíláàsì. Omi sì ń bọ̀ lójú mi, ìbínú ló fà á.

Ìgbà yẹn ni àbúrò Baálé wọlé láti mọ́sálásí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán. Orúkọ wọn gan-an ni Ràbíátù. Mo pè é nítorí yín kó lè yé yín, mi ò sì ní í pè é mọ́. Eyínafẹ́ la ń pè wọ́n, Màmá Tísà ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́ tí eyín kékeré méjì ń yọ. Lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, wọ́n padà sílé wa, àwọn ni olórí gbogbo ọmọ ilé lóbìnrin. Ẹ̀rù wọn ń bà wá. Gbogbo ilé ló tún mọ̀ pé àwọn àti Màmá Tísà ò rẹ́ dénú. Wọ́n á kíra, wọ́n á bèèrè àlàáfíà, ó parí. A ò mọ ohun tó fà á, a ò sì gbọdọ̀ bèèrè. Nígbà tí mo rí wọn tí wọ́n wọlé, mo ní ó tán, àwọn gan-an ni wọ́n á bá wọn gbé àpótí sínú ọkọ̀.

Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán?"

Baálé ní, "A ti sọ̀rọ̀ tán. Ó ń lọ."

Eyínafẹ́ ní, "Ta ló bi ìyàwó wa léèrè?"

Àwọn ọmọ ilé yí ojú sí Baálé.

Eyínafẹ́ ò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí nígbà tí bàbá wa pín wa. Wọ́n ní kí ẹ̀yin lọ sílé ìwé, kí èmi lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Ọ̀tan Ayégbajú, kí n lọ máa bá wọn ta iyọ̀. Pálọ̀ yìí la wà. Ibi tí ìyàwó yìí jókòó sí yìí náà ló jókòó sí. Ó ti sọ fún mi lẹ́yìn ilé pé òun fẹ́ kí n wá sí kíláàsì òun. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo ní ó máa sọ̀rọ̀, tísà ni, ó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó ni. Mo ru igbá lọ sí Ọ̀tan. Láti ọjọ́ náà mo ń bínú sí i."

Baálé ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Màmá Tísà ń wo ilẹ̀.

Eyínafẹ́ ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ bó ṣe rí kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa pín ọ. Mo lè jókòó kí n máa wò ó lónìí, kí n ní ó kàn ọ́, ìwọ náà tọ́ ọ wò. Ọlọ́run ò jẹ́ kó wù mí. Èmi ni ọkọ rẹ̀, mo fún un láyè." Wọ́n yí sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó mi, kí lẹ fẹ́?"

Màmá Tísà ò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè náà. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ lé mi padà sí Ìgbájọ, ó yẹ kí n sọ ọ́. Gbogbo ọmọbìnrin tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà, ẹ̀yin ni mò ń rí. Ẹ má bínú sí mi mọ́."

Eyínafẹ́ ní, "Mo ti gbọ́." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. "Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ dúró." Màmá Tísà sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni pé ẹnu wọn ti ń gbé e ká. "Mi ò mọ ẹnì kankan l'Ékòó. Níbí, bí ojú mi tiẹ̀ fọ́, mo mọ ibi tí mo wà. Mo mọ ohùn gbogbo yín. Àwọn ọmọ ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ilé ọkọ mi ni mo fẹ́ kú sí."

Eyínafẹ́ ní, "Ó parí. Ẹ lọ kó ẹrù ìyàwó wa sílẹ̀. Yàrá mi ni wọ́n á máa sùn láti òní, èmi ni n ó máa mú wọn lọ sílé ìwẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ pé wọ́n tún ṣubú."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi, mo pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyàwó tó kù ń rẹ́rìn-ín. Baálé pàápàá ń rẹ́rìn-ín, ó jọ pé àwọn náà ò fẹ́ kí wọ́n lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń ṣe ohun tó yẹ ni. Mo ti dìde pé kí n lọ gbé àpótí náà fúnra mi nígbà tí mo rí Sístà Èkó.

Wọ́n ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń tọrọ àforíjì. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dìde, àwa la gbàgbé. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ ohun tí màmá sọ. Mi ò ní í fi ipá mú wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, ọmọ ilé ni mí. Ilé ìwòsàn tí mo dárúkọ, kì í ṣe òun ló gbé mi wá. Láti kékeré mi, ẹ̀yin lẹ ni màmá mi, kì í ṣe èmi. Ní yàrá wa, ọmọ tó bá kéré jù ló ń sùn tì wọ́n, ọmọ tó kéré jù mí lọ ò sì tán nílé wa rí. Ní ilé ìwé, mi ò gbọdọ̀ pè wọ́n ní màmá. Bí gbogbo kíláàsì bá ṣẹ̀, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ nà, kí ẹ má baà sọ pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú. Mo gbà á. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń ṣe. Mo kàn ní, kí wọ́n tó lọ, kí èmi náà ní wọn díẹ̀. Èmi nìkan."

Mo ti múra láti bínú sí wọn, mo wá ìbínú náà, mi ò rí i mọ́. Mo jókòó padà sórí ẹní. Àwọn ọmọ mi ti sùn tì Màmá Tísà rí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa tó wà ní pálọ̀ náà ló ti gbà lára wọn. Kò sí ẹni tó ronú rẹ̀ rí pé ẹnì kan wà tí a ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá Tísà pe orúkọ ọmọ wọn. "Fúnminíyì." Ọmọ bíbí inú wọn ni, àwọn lè pè é. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́kàn rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Màmá Tísà gbá ọ̀pá mú, wọ́n dìde. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n rìn gba àárín pálọ̀ lọ síwájú Eyínafẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, àwọn tí ìbàdí ń dùn. Wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀. Eyínafẹ́ sáré di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú, wọ́n ní kí wọ́n má kúnlẹ̀, àmọ́ orúnkún wọn ti kan ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹ ti bi mí, mo sì ti dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ yí ìdáhùn mi padà. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé ọmọ mi lọ."

Eyínafẹ́ ní, "Ẹ fẹ́ lọ?"

"Mi ò fẹ́ lọ. Ilé yìí ni mo fẹ́. Àmọ́ mo jẹ ọmọ yìí ní nǹkan kan, ẹlòmíràn ò lè bá mi san án."

Eyínafẹ́ ṣì di ìgbọ̀nwọ́ Màmá Tísà mú, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn, àgbà méjì. Níkẹyìn wọ́n ní, "Ẹ máa lọ. Mo yọ̀ǹda yín. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé yìí lẹ jẹ́, ọjọ́ tó bá sú yín, ẹ wá sílé. Fúnminíyì, ṣé o gbọ́? Ìyàwó wa lo mú lọ, a ò fún ọ pátápátá."

Sístà ní, "Mo gbọ́, mà." Ìgbà yẹn ni ẹkún wá.

A sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Eyínafẹ́ ló jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ọkọ̀ títí awakọ̀ fi da epo sínú táǹkì tán, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́, èmi sì ṣe gbogbo ohun tí mo lè ṣe kí n lè gbọ́. Màmá Tísà dá mi lóhùn nígbà tí mo sunkún sí wọn lára. Wọ́n ní kí n máa gbọ́ ìṣirò àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, kí n má na ẹni tí kò yé, ẹni tó yé tí kò ṣe é ni kí n nà. Ọkọ̀ gba ọ̀nà Ọ̀tan lọ. Mo wọlé, mo rọra jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mi ò rán aṣọ kankan lọ́jọ́ náà. Mi ò ní í purọ́ fún yín, ó dùn mí. Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí mo bá gbójú sókè, tí mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lófìfo, mo máa ń sọ̀rọ̀ burúkú sí Sístà nínú ọkàn mi, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Nígbà ọdún Kérésìmesì, Sístà wá sílé. Wọn ò mú Màmá Tísà dání, wọ́n ní ọyẹ́ ò dára fún ìbàdí wọn. Ọ̀dọ̀ Baálé ni wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà wọ́n wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Mo ti mú ẹnu mi le dè wọ́n. Mo ní, "Màmá wa tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa ńkọ́?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Wàsílátù, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó pọ̀ jù. Bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, wàhálà ni. Lánàá tí mo fẹ́ máa bọ̀, mo ti dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ní kí n padà wọlé wá tún gèlè wé. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n ní ṣé ẹni tó ní ìyá nílé ló ń wé gèlè wọ́gọwọ̀gọ báyìí."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, omi sì ń dà lójú wọn, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní, "Látàárọ̀ dalẹ́, Wàsílátù. Èmi nìkan ni wọ́n ń bá wí."